Ẹ Fẹnu Yín Sọ Ọ́ Fún Mi

Bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ Tawheed ní ọjà Àgbójù, ẹ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Kò gbà kí èèyàn nawọ́ sí ọjà, kò sì gbà kí èèyàn mi orí. Ẹ tiẹ̀ lè ti máa ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, kó sì mọ̀ dájú pé páálí mílíìkì méjì àti páálí ṣúgà kan lẹ máa ń gbé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, síbẹ̀ á dúró, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, á ní, "Ẹ fẹnu yín sọ ọ́ fún mi." Ó nídìí. Oníbàárà rẹ̀ kan, Ìyá Fọláránmi, ará Satellite Town, mi orí sí i lọ́jọ́ kan. Tawheed di páálí mẹ́fà, ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Ìyá Fọláránmi kó gbogbo rẹ̀ padà, tó ń sọ ọ́ kiri ọjà pé rédíò tó ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù lòun ń mi orí sí. Odidi oṣù kan ni àwọn ọlọ́jà fi ń mi orí sí Tawheed níbikíbi tó bá gbà kọjá. Láti ìgbà náà ni kì í ti di ẹrù fún ẹnikẹ́ni láìgbọ́ ọ lẹ́nu onítọ̀hún.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé jàǹdùkú kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kì í jà, kì í rẹ́ oníbàárà jẹ, wákàtí ìrun kì í fò ó. Gbogbo ọjà ló ń yìn ín, òun náà sì gbà pé òun yẹ lẹ́ni àá yìn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Hidaayah ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, àkọ́bí Alhaji Abdulmumin tó ń ta wáyà àti gílóòbù ní Apple Junction, tí ilé rẹ̀ wà nínú Festac, ní Fifth Avenue. Ọdún 2004 ni wọ́n so yìgì wọn, nínú pálọ̀ Alhaji, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ṣùgbọ́n Hidaayah ò tíì jáde ní yunifásítì, bàbá rẹ̀ sì ti là á sílẹ̀ pé òun ò ní gbé ọmọ fún ọkọ láìjẹ́ pé ó parí ìdánwò àṣekágbá. Bí wọ́n sì ti ń ṣe é nínú ẹbí wọn ní Ìwó nìyẹn: wọ́n lè so yìgì lónìí, kí ìyàwó tún wà nílé bàbá rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, títí di ọjọ́ tí àwọn àgbà máa mú un lọ́wọ́ lọ sílé ọkọ pẹ̀lú àdúrà. Láàárín àkókò yẹn, ìyàwó ni, ọmọge sì tún ni. Kò sẹ́ni tó là á yé wọn, ohun tó tọ́ láàárín àwọn méjèèjì àti ohun tí kò tíì tọ́.

Ohun kan wà nípa ọjọ́ yìgì yẹn tí Tawheed fẹ́ràn ju oúnjẹ rẹ̀ lọ. Alfa Tájù yíjú sí ìyàwó, ó bi í léèrè bóyá ó gba Tawheed lọ́kọ. Hidaayah tẹrí ba, kò fèsì. Gbogbo pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àbúrò rẹ̀, Muhsinah, fìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ pa ìyàwó. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ìbòjú. Alfa bá rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n bá bi omidan, tí ìtìjú ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, dídákẹ́ rẹ̀ ni gbígbà. Gbogbo wọn ṣe àmín. Nínú ṣọ́ọ̀bù, bí ọjà bá dá, Tawheed á máa rántí èjìká tó ń gbọ̀n yẹn, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Kò jẹ̀bi nínú èyí. Hidaayah gbà lóòótọ́ lọ́jọ́ náà, tayọ̀tayọ̀ ló fi gbà.

Nígbà tí ìdánwò parí, wọ́n mú Sọ́ńdè kan tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ọjọ́ náà ni wọ́n máa gbé ìyàwó. Tawheed ti gba yàrá méjì àti pálọ̀ kan ní Satellite Town, ó ti kùn ún, bẹ́ẹ̀dì ti dé. Ó ku kọ́tìnnì. Hidaayah ní òun lòun máa rán an, pé kò sí télọ̀ tó lè rán kọ́tìnnì ilé òun fún òun. Bó ṣe wá wọn fèrèsé nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú téèpù ìyá rẹ̀ nínú báàgì. Ó yẹ kí Muhsinah tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n inú ń run ún. Ìyá wọn ronú díẹ̀, ó ní kò burú, ilé ọkọ rẹ̀ náà ló kúkú ń lọ.

Hidaayah gun orí àpótí, ó ń wọn fèrèsé, ó ń pe nọ́ńbà, Tawheed ń kọ ọ́ sẹ́yìn páálí bisikíìtì. Wọ́n ń ṣàwàdà. Ó ní ọkọ òun ò mọ nọ́ńbà kọ, pé méje rẹ̀ jọ ọ̀kan. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Tawheed lọ ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́ sí i, ó padà wá, ó fà á mọ́ra. Hidaayah gbé ọwọ́ lé e láyà, kò tì í, ọwọ́ náà ṣáà wà láàárín wọn.

"Bọ̀dá Tawheed," ló wí, "wọn ò tíì gbé mi wá."

Tawheed rẹ́rìn-ín. Ó ní yìgì ti so, pé ta ló tún kù tí wọ́n fẹ́ bi.

Lẹ́yìn ìyẹn, Hidaayah ò sọ nǹkan kan mọ́. Kò ké, kò jà. Ojú fèrèsé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn tán ló ń wò, títí tí Tawheed fi ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Nígbà tí Hidaayah dìde, ó wọ hijáàbù rẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀ kan tó kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà náà ni Tawheed rí i pé téèpù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó ti we é mọ́ ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ típẹ́típẹ́, tí ìka náà fi wú, tí orí rẹ̀ sì dúdú. Ó bi í pé kí ló ṣe ìka rẹ̀. Hidaayah fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ hijáàbù. Tawheed bá a ṣí Malt, kò mu ún. Ó sìn ín dé ibùdókọ̀, ó ní kó kí Ìyá, ó padà sí Àgbójù kí wọ́n tó kírun Alásárì, ó ń fi imú kọrin.

Láti ọjọ́ náà ni Hidaayah ò ti gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Tawheed pè é lálẹ́ Sátidé, ó pè é ní Sọ́ńdè, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ráńṣẹ́, kò rí èsì. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń ti ìyàwó òun, èrò náà tilẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, kò dùn mọ́ ọn mọ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Muhsinah yọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó. Ó ní Àǹtí òun ní kí òun sọ fún un pé òun ò wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí wọ́n mú, pé òun ò wá mọ́ rárá. Tawheed bi í pé kí ló dé. Muhsinah ní òun ò mọ̀, pé Àǹtí òun ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bàbá àwọn ti bínú títí, ìyá àwọn ti sunkún títí, kò la ẹnu. Ó ní hijáàbù tó wọ̀ lọ wọn fèrèsé, ó ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tó sì di àná, ó jù ú sí ààtàn. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń wo Tawheed lójú, ọmọ tí kì í wo ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní bàbá àwọn ní kí gbogbo wọn wá sílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn Àsáláátù, kí Alfa Tájù dá sí i.

Àǹtí Sàdíátù, ẹ̀gbọ́n Tawheed obìnrin tó jẹ́ pé òun ló tọ́ ọ, tí wọ́n sì jọ ń ná ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, gbọ́ gbogbo rẹ̀ látibi tó ti ń to sadín. Ó jẹ́ kí Muhsinah lọ tán. Ó wá bi àbúrò rẹ̀ pé kí ló ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Tawheed ní òun ò ṣe nǹkan kan. Obìnrin náà ṣáà ń wò ó. Nígbà tí wíwò náà pọ̀, ó jẹ́wọ́ pé nígbà tí Hidaayah wá wọn fèrèsé, òun àti ẹ̀ ti wà pọ̀. Ó ní kí ló burú níbẹ̀, ìyàwó òun ni, yìgì ti so.

"Ṣé ó gbà?" ni Sàdíátù bi í.

"Ó dákẹ́, Àǹtí mi. Bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ yìgì náà ló dákẹ́."

Sàdíátù gbé sadín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé obìnrin yìí náà ti wọ ilé ọkọ rí, ní Ìwó, nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ó sì kó jáde lẹ́yìn ọdún méjì. Kò sí ẹni tó mọ ìdí títí dòní, nítorí kò sí ẹni tó bi í. Ó ní, "Tawheed, torí páálí mílíìkì, ẹ̀ẹ̀mẹta lò ń bi èèyàn. Ọmọ ọlọ́mọ dákẹ́, o wá di ẹrù." Kò pariwo. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sílé ní aago méjì ọ̀sán, ohun tí kò ṣe rí, ó sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un.

Ìyókù ọ̀sẹ̀ náà burú fún Tawheed. Ó ń gbèjà ara rẹ̀ nínú ọkàn láàárọ̀ dalẹ́. Ó ní òun ò lù ú. Ó ní òun ò fi ipá fà á láṣọ. Ó ní mélòó nínú àwọn ọkọ tó wà ní Lagos ló máa dúró bí òun ṣe dúró fún oṣù mẹ́rin. Gbogbo ẹjọ́ tó bá rò, òun náà ló ń dá a láre, kò sì ju kó tún rántí ìka tó wú yẹn lọ, ẹjọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Oníbàárà á dúró níwájú rẹ̀, Tawheed á fẹ́ sọ pé kó fẹnu ẹ̀ sọ ọ́, á wá máa to páálí tó ti tò tẹ́lẹ̀. Ní Fúráìdè, ó ta ọjà fún obìnrin kan tó nawọ́, kò bi í ní nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà á pé òun máa pàdánù ìyàwó òun, ìyàwó tó fẹ́ràn gan-an, èyí sì jẹ́ òótọ́.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, wọ́n pé sí pálọ̀ Alhaji ní Fifth Avenue. Alhaji jókòó sórí àga rẹ̀, Alfa Tájù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyá Hidaayah wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Tawheed àti Sàdíátù jókòó sọ́wọ́ kan, Hidaayah dá jókòó sórí àpótí lọ́wọ́ kejì. Ó ti rù. Alhaji ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ pẹ́. Ó ní àwọn ará Ìwó ti ń múra láti wá, pé ìyá ọmọ ti ra ìkòkò àti abọ́, pé ojú wo ni òun fẹ́ fi wo àwọn jàmáà òun ní Apple Junction. Ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè bóyá ọkọ rẹ̀ lù ú. Kò fèsì. Ìyá bi í bóyá obìnrin mìíràn ló rí lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò fèsì. Wọ́n yíjú sí Tawheed, wọ́n ní ṣé ìjà wà láàárín wọn. Tawheed ní kò sí ìjà. Sàdíátù mí kanlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Alfa Tájù rẹ́rìn-ín músẹ́. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ó ti so yìgì tó igba, ó sì mọ ohun tí ìyàwó tuntun máa ń ṣe. Ó ní kò sí ìyàwó tí àyà kì í já bí ọjọ́ bá ti ku díẹ̀, pé ẹ̀rù ilé tuntun ni, á sì kúrò tó bá débẹ̀. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Hidaayah, ọmọ mi, ṣé kí wọ́n máa gbé ọ lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀?"

Hidaayah tẹrí ba. Pálọ̀ dákẹ́. Fáànù ń yí.

"Ó ti gbà," ni Alfa wí, ó sì tẹ́ ọwọ́ àdúrà. Alhaji ní alhamdulillah, òun náà tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀.

Àyà Tawheed fúyẹ́ lójijì. Ọ̀rọ̀ ti parí. Kò ju kó tẹ́ ọwọ́, kó ṣe àmín, ìyàwó rẹ̀ á wà nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó wá wo Hidaayah, ó fẹ́ rí èjìká rẹ̀. Èjìká náà ò mì. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí itan: ó di etí hijáàbù rẹ̀ mú, ó ń we é mọ́ ìka ìfábẹ̀lá, ó ń we é, ó ń fún un, orí ìka náà sì ti ń dúdú.

Ọwọ́ Tawheed wálẹ̀. Ó mọ dídákẹ́ yẹn. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń bá a jà pé òun ò mọ̀ ọ́n, ó sì wá jókòó síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, lójú àwọn àgbà tí wọ́n tẹ́wọ́ tí wọn ò rí nǹkan kan.

"Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró," ló wí. "Kò gbà."

Alfa Tájù gbójú sókè. Tawheed ń sọ̀rọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní lọ́jọ́ tó wá wọn fèrèsé, òun ti ilẹ̀kùn. Ó sọ ohun tó ṣe, ó sọ ọ́ ní ìwọ̀nba tí wọ́n fi máa mọ̀ ọ́n. "Ó dákẹ́, mo bá ní ó ti gbà. Mi ò bi í. Bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ náà ló ń dákẹ́ báyìí, ẹ má ṣàdúrà lé e."

Ìyá Hidaayah figbe ta lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ bo ẹnu. Òun ló ní kí ọmọ rẹ̀ dá lọ. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa fọwọ́ kàn. Alhaji dìde, ó tún jókòó. Ó wo Tawheed bí ẹni fẹ́ gbá a létí, ó wo Alfa, ó ní ìyàwó rẹ̀ ṣáà ni, àbí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ ni. Bó ṣe sọ ọ́, ó dà bíi pé òun náà ń wá ẹni tó máa dá òun lóhùn. Alfa ká ọwọ́ àdúrà rẹ̀ kò, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó yíjú sí ọmọ náà.

"Hidaayah, mo kánjú. Fẹnu ẹ sọ ọ́ fún mi. A máa dúró."

Wọ́n sì dúró lóòótọ́. Ó pẹ́ débi pé Alhaji wúkọ́, Alfa sì gbé ọwọ́ sí i kó má sọ̀rọ̀.

"Mi ò lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè," ni Hidaayah wí.

Bàbá rẹ̀ bi í pé nígbà wo wá ni.

"Mi ò mọ̀, bàbá mi. Bóyá mi ò ní lọ rárá. Tí mo bá máa lọ, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́." Ó gbójú sókè, ó wo Tawheed fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ náà. "Ṣé ẹ gbọ́, Bọ̀dá Tawheed?"

"Mo gbọ́."

"Lọ́jọ́ Sátidé yẹn náà, ẹ gbọ́."

Gbogbo wọn yíjú sí Tawheed. Alfa ò mọ ohun tó ń sọ, Alhaji ò mọ̀ ọ́n, Sàdíátù gan-an ò mọ̀ ọ́n, nítorí Tawheed ò sọ ìyẹn fún un. Kò sí ẹni tí Tawheed sọ ọ́ fún, títí kan ara rẹ̀.

"Ó sọ̀rọ̀," ló wí nígbà tó yá. "Ó ní wọn ò tíì gbé òun wá. Mo gbọ́ ọ, mo fi rẹ́rìn-ín."

Hidaayah tú etí hijáàbù náà kúrò lára ìka rẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Kò sí ẹni tó pè é padà.